Ihò Tí Bàbá Tìmílẹ́hìn Dí

Nathan ti ń retí wọn lẹ́nu géètì. Bí tákísì tó gbé wọn láti Challenge láàárín ìlú Ìlọrin ṣe dúró, ó sáré pàdé wọn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí Adégbóyè ráàyè gba ṣéńjì lọ́wọ́ awakọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ìyá Tìmílẹ́hìn, ẹ káàbọ̀ mà. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Omi ẹ̀rọ máa yọ ní Adéwọlé."

"Nígbà wo?" Adégbóyè bi í.

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, sà."

"Sọ́ńdè tó ń bọ̀?"

Nathan fọwọ́ pa orí. "Rárá, sà. Ti àná."

Nathan àti Adégbóyè jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ni, ilé Nathan sì wà ní òdìkejì títì. Ó ṣàlàyé pé láti ọjọ́ Fúráìdé ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣí omi ti ta òun lólobó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà ní àṣírí ni, kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni títí omi á fi yọ. Nathan kì í tú àṣírí. Omi ti yọ, omi ti lọ, ó wá lè sọ ọ́ wàyí.

Juliana, ìyàwó Adégbóyè, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ ìyókù. Ó gbé àpò iṣu tí ìyá ọkọ rẹ̀ kó fún wọn ní Ọ̀mù-Àrán sílẹ̀, ó ń wo ara ilé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Láti ìdí fèrèsé balùwẹ̀ wọn, ògiri ti dúdú fún omi, dúdú náà sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, títí tó fi kan fèrèsé Mùnírátù tó ń gbé nísàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ilé hu irùngbọ̀n lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Mùnírátù jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Wáínà, àkàrà oníìrẹsì, ló ń dín ní tirẹ̀, kò sì sí ìkómọ tàbí wàlímọ̀ kan ní àdúgbò yẹn tí wọn kì í ti í bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní síta, ó da ìrẹsì lé e lórí, ìrẹsì náà ti wú bí ọwọ́ ẹni tí agbọ́n ta. Mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń gba oòrùn lórí fẹ́ǹsì. Àpò ṣúgà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti pẹlẹbẹ bí ikùn aláàwẹ̀, àwọn èèrà sì ti tò dé ibẹ̀. Ìròyìn tàwọn èèrà kò pẹ́ rárá.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Mùnírátù wí. Kò dìde. "Àwọn ará Ọ̀mù-Àrán ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní ká kí yín, Ìyá Sulaiman," Juliana dáhùn.

"Tìmílẹ́hìn ńkọ́?"

"Ó dúró ti ìyá rẹ̀ àgbà títí wọ́n á fi wọlé ní ilé ẹ̀kọ́."

"Ọlọ́hun á bá wa wò ó. Ọkọ̀ ò yọ yín lẹ́nu lọ́nà?"

"Kò yọ wá lẹ́nu."

"Àlùhámúdùlíláì. Omi yín dé lẹ́yìn yín. Nígbà tí kò bá yín nílé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi."

Kò sẹ́ni tó wẹ̀ nínú báàfù ilé Adégbóyè rí. Báàfù funfun gbọọrọ tí wọ́n kọ́ mọ́ balùwẹ̀ náà, èyí tí àwọn òyìnbó ń nà gbalaja sí, ìkòkò omi ni wọ́n fi ń ṣe, bíi ti gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n á fi kòròbá wẹ̀. Nítorí pé omi kì í dá ìgbà fún ẹnikẹ́ni, òfin Adégbóyè ni pé kí ẹnu ẹ̀rọ báàfù wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, kí omi tó bá ṣèèṣì yọ má baà yà sílé ẹlòmíràn. Lábẹ́ ẹ̀rọ náà, níbi tí báàfù ti fẹ́ kún dé, ihò kan wà tí àwọn tó ṣe é dá síbẹ̀, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ lọ sí gọ́tà dípò kó ṣàn sílẹ̀. Adégbóyè wo ihò yìí títí, ó ní olè ni.

Níbi ìmọ́tótó oṣù tó kọjá, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ó dúró lórí òkìtì ẹrẹ̀ náà, ó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní òun ti gbé ìlú òyìnbó, wọ́n rán òun lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, omi tiwọn kì í lọ. Ẹni tí omi rẹ̀ kì í lọ ló lè dá ihò sára báàfù kí omi máa dànù. Àwa tí omi kì í wá, kí la fẹ́ fi ihò ṣe? Kòròbá méjì gbáko ni ihò náà ń gbé mì nínú báàfù kọ̀ọ̀kan. Nathan ní ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Mùnírátù nìkan ló fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀, tó bi í léèrè.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ jọ̀ọ́ o, lọ́jọ́ tí omi bá wá tí ẹ ò sí nílé, ta ló máa sọ fún un pé ó tó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adégbóyè po sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì, ó sì dí ihò náà pa.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn lókè, bàtà Adégbóyè kan ló léfòó wá pàdé wọn ní pálọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti mu omi yó, ó ń pariwo ṣùà-ṣùà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Juliana ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ balùwẹ̀. Báàfù kún dé ètè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ilé náà, kò tíì rí i ní kíkún bẹ́ẹ̀ rí. Omi náà mọ́ gaara, kò mì rárá. Fèrèsé kékeré tó wà lókè wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ojú ọ̀run àti ẹ̀ka máńgòrò kan. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé omi jẹ́ẹ́jẹ́ yìí ló jẹ ṣúgà ẹni ẹlẹ́ni mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó pa ẹnu ẹ̀rọ dé, nítorí omi tó lọ yẹn lè rántí pé òun gbàgbé nǹkan kan.

Ọkọ rẹ̀ yọjú léjìká rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ó wí. "Ó kún dáadáa. Ihò kò rí nǹkan kan jí."

Juliana wò ó. Ó lọ mú páànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi.

Adégbóyè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mùnírátù pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi kí àwọn tó wá béèrè fáìlì lọ́ọ́fíìsì. Ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Sulaiman, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan yín díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè ò fọ́ lóòótọ́," Mùnírátù wí. "Agbè yín wà lókè, ó kún. Ṣúgà tèmi ńkọ́?"

"Ṣúgà lè bàjẹ́ níbòmíràn náà."

"Ó lè bàjẹ́ níbòmíràn. Abẹ́ balùwẹ̀ yín ló ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin lẹ da omi, èmi ni mò ń tẹ ilẹ̀ tútù láti lẹ́yìn ìrun Àsùbáà àná."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wá nǹkan ṣe? Ẹ ò bá fipá ṣí ilẹ̀kùn wa."

Mùnírátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí n fọ́ ilẹ̀kùn onílé tí kò sí nílé. Kí ẹ dé lónìí, kí ẹ máa wá ṣéènì ìyàwó yín. Bàbá Tìmílẹ́hìn, omi ló wọlé mi, wèrè kọ́."

Àwọn obìnrin ti dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ilé kejì, Modúpẹ́, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà, gbé kòròbá òfìfo lé ìbàdí.

"Wọ́n ní báàfù ló bẹ́," ó wí.

"Kò bẹ́," Mùnírátù dá a lóhùn. "Wọ́n dí i ni."

"Wọ́n dí kí ni?"

"Ihò òkè."

"Ihò òkè wo?"

"Èyí tí ọkọ tìrẹ náà fi àbẹ́là dí."

Modúpẹ́ gbé kòròbá kúrò ní ìbàdí. Ó wo òkè, ó wo kòròbá, ó yíra padà lọ sílé, ìrìn rẹ̀ sì yára ju ti ìgbà tó ń bọ̀ lọ. Nathan náà rántí pé òun ní nǹkan kan lórí iná. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ ọ̀bẹ tó ń ha nǹkan ní balùwẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù ń bá àríyànjiyàn lọ. Ọ̀kan ní ihò náà kò wúlò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ì bá máa tì. Òmíràn ní tí wọ́n bá ti ẹ̀rọ, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé omi ti dé? Ẹlẹ́kẹta ní ohun tó yẹ kí àwọn ọkùnrin fi sìmẹ́ǹtì dí ní Adéwọlé pọ̀ ju ihò báàfù lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ ti ẹnu ara wọn bẹ̀rẹ̀.

Mùnírátù dá wọn dúró nígbà tó sọ pé Sulaiman, ọmọ òun tó ń wa tákísì, ti lọ fẹjọ́ sun onílé wọn, Alhaji Àbdùlsàlámì, àti pé ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Adégbóyè kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ní kí Nathan bá òun sọ fún wọn pé ara òun kò yá.

Lọ́sàn-án, Juliana se lára iṣu Ọ̀mù-Àrán, ó bu sínú abọ́, ó fi epo sí i, ó gbé e lọ fún Mùnírátù nísàlẹ̀. Mùnírátù gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e kalẹ̀ láìṣí i.

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, mi ò bá ọ jà," ó wí. "Ọ̀la ni wàlímọ̀ tí wọ́n bẹ̀ mí sí. Àwọn tó bẹ̀ mí kò mọ báàfù, wáínà ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì ti san díẹ̀ lára owó, mo sì ti fi í ra ọjà. Bí mi ò bá rẹ ìrẹsì kó tó di alẹ́, mo ti tẹ́. Ẹni tó bá fi mí sílẹ̀ lọ́la, ó ti lọ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Kí àwọn tó fa nǹkan yìí ṣáà sọ òótọ́, kí Alhaji ní kí wọ́n san án, kí Sulaiman lè sáré dé Táíwò Road ra òmíràn kí wọ́n tó pa ṣọ́ọ̀bù dé. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀."

Juliana wo ìrẹsì tó wà lórí ẹní. Ó ti ń rùn díẹ̀. Juliana yíra padà, ó gòkè lọ.

Lókè, Adégbóyè ti jókòó ti iṣu tirẹ̀, ó sì ti ronú.

"Alhaji máa dé láìpẹ́," ó wí. "Mo mọ bó ṣe ń dájọ́. Bí ilé bá fọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́, ó ní kádàrá ni, kálukú á gba tirẹ̀. Bí ayálégbé bá bà á jẹ́, ayálégbé á san án. Ohun tí a máa sọ ni pé bí a ṣe bá ihò yẹn nìyẹn, ó ti dí kí a tó kó wọlé. Ìwọ lò ń fọ báàfù, ìwọ ló máa bi. Wàá ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ju ìyẹn lọ."

Juliana ń ṣa èèpo iṣu jọ.

"Irọ́ tó burú kọ́," ọkọ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Alhaji ò pàdánù, àwa ò pàdánù."

"Ìyá Sulaiman ńkọ́?"

"Ìyá Sulaiman ní sùúrù. Àwọn ará Ìlọrin ní sùúrù gan-an." Ó fi iṣu nu epo inú abọ́. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀gá bíi tèmi ṣẹ̀fẹ̀ ní gbogbo Adéwọlé pé mo fi sìmẹ́ǹtì fa omi sílé ara mi? Bí o bá sọ ohun mìíràn níwájú Alhaji, o dójú tì mí, ojú tí mo fi ń wò ọ́ á sì yí padà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó tẹ́ Adégbóyè lọ́rùn. Nínú ilé yẹn, ó ti pẹ́ tí "mo gbọ́" àti "mo gbà" ti ń jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà létí rẹ̀.

Ó dìde láti tún ẹ̀rí ṣe. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yọ sìmẹ́ǹtì náà kúrò pátápátá. Ó mú ṣọ́bìrì kékeré, ṣọ́bìrì náà tẹ̀. Ó mú ọmọ odó Juliana, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan ihò. Kọ́, kọ́, kọ́. Ohùn Mùnírátù gòkè wá láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ṣé balùwẹ̀ lẹ ti ń gún iyán ìkíni káàbọ̀ ni?"

Adégbóyè tún kàn án lẹ́ẹ̀kan. Awọ funfun ara báàfù ṣí bọ́ǹbọ́, ó jábọ́ sínú omi. Sìmẹ́ǹtì kò mì. Ó pò ó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé náà, òun ni iṣẹ́ tó dára jù. Nígbà tó rí i pé kò ní yọ, ó pinnu láti sọ ọ́ di arúgbó. Ó ra epo pupa mọ́ ọn, ó fi eruku orí fèrèsé lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Juliana dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àkísà ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó rí i tó kúnlẹ̀ ti báàfù.

Alhaji Àbdùlsàlámì dé nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, Mùnírátù tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àwọn obìnrin fẹ́ǹsì dúró sórí àtẹ̀gùn níbi tí etí wọn lè dé. Adégbóyè ti wọ agbádá. Ó ti gbé àga tó gbẹ jù lọ fún Alhaji.

"Àsàlámù àláékúmù. Níbo ni ihò náà wà?" Alhaji bi í.

Wọ́n mú un dé balùwẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan sìmẹ́ǹtì. Ìka náà pọ́n. Ó gbé e sí imú.

"Ihò yìí ń rùn bí epo."

"Ó ti pẹ́ ni, Alhaji," Adégbóyè wí. "Ohun tó bá ti pẹ́ a máa rùn. Bí a ṣe kó wọlé la ṣe bá a. Mo tilẹ̀ ń gbèrò láti wá sọ fún yín."

Alhaji nu ìka rẹ̀ sára ògiri, ó ń ronú. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò korò lẹ́nu rẹ̀. Bí ihò bá ti dí láti ilẹ̀, kò sí ayálégbé tí òun máa bá jà, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí òun wá san ṣúgà tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ fi omi pò. Ó jáde sí pálọ̀, ó jókòó, Adégbóyè jókòó, ojú àwọn méjèèjì sì tutù bíi ti àwọn tó jọ jẹ ẹran.

"Kádàrá ni," Alhaji wí. "Ẹnikẹ́ni ò lè bá kádàrá ṣẹjọ́. Ìyá Sulaiman, sùúrù ni."

"Alhaji," Mùnírátù wí láti ẹnu ilẹ̀kùn, "ṣé sùúrù ni mo máa fi dín wáínà lọ́la?"

"Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ìyókù."

"Kò sí ìyókù."

Alhaji ka tẹ̀súbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń múra àtidìde kó tó rántí pé wọn kì í dájọ́ láìbi ẹlẹ́rìí, ó sì yíjú sí Juliana, ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè omi mímu.

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, ìwọ lò ń fọ báàfù yìí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni, àbí?"

Adégbóyè mi orí fún un, kó lè rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ṣe. Juliana gbé àkísà ìnulẹ̀ kalẹ̀. Kò wo Alhaji, kò sì wo Mùnírátù. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju èyí tó fi ń pè é wá jẹun lọ.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò yẹn, ẹ̀yin náà lẹ ní ká fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí. A máa san ṣúgà àti ìrẹsì Ìyá Sulaiman kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Tí ẹ̀yin ò bá san án, èmi máa san án nínú owó oṣù mi, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí."